Erékùṣù Vieques: Ilẹ̀ Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Aláìníwèé

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba bá ní òun fẹ́ lo ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé fún iṣẹ́ ogun. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Mo ti pinnu pé ibì kan ṣoṣo ni n ó mú, kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: erékùṣù kékeré kan tí ń jẹ́ Vieques.

Vieques wà ní ìhà ìlà-oòrùn Puerto Rico, nínú Òkun Karibíà, ó sì tó bíi máìlì 8 sí ilẹ̀ ńlá Puerto Rico. Gígùn rẹ̀ tó máìlì 21, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì ju bíi máìlì 4 lọ. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2020, 8,249 ni wọ́n kà níbẹ̀. Ìlú Isabel Segunda wà ní etíkun àríwá, Esperanza sì wà ní gúúsù. Ọwọ́ Sípéènì ni gbogbo Puerto Rico wà tẹ́lẹ̀, kí Amẹ́ríkà tó ṣẹ́gun Sípéènì ní 1898 tí ó sì gbà á. Láti 1917 ni àwọn ará ibẹ̀ ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń gbé ní Puerto Rico kì í dìbò yan Ààrẹ, aṣojú kan ṣoṣo tí wọ́n ní nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington kò sì ní ìbò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe òfin lé ìlú rẹ̀ lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí bí a ṣe ń bọ̀.

Ìrèké ló mú kí ènìyàn pọ̀ ní Vieques. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn olóko ńlá ti pín ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹrú ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣiṣẹ́, títí òfin fi fòpin sí oko ẹrú ní Puerto Rico ní 1873. Wọ́n tún ń gba alágbàṣe láti Tortola àti àwọn erékùṣù tó wà nítòsí, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ènìyàn Áfíríkà tí wọ́n kó kọjá òkun. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1930, ọwọ́ ìdílé díẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ ṣúgà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà wà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú oko ni wọ́n ń pè ní agregado. Agregado kì í san owó ilé. Orí ilẹ̀ olóko ló kọ́ ilé pákó rẹ̀ sí, ó gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń sin ewúrẹ́, ó ń ká àgbọn, ó ń sun èédú tà, nígbà tí ìrèké bá sì gbó, á lọ gé e fún olóko. Bàbá rẹ̀ lè ti kú síbẹ̀, kí ìyá rẹ̀ náà sì kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ó mú ìwé ilẹ̀ wá, kò ní ohun tí yóò fi hàn yín. Olóko ló ni ìwé.

Ibi tí mo gbà pé wàhálà Vieques ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe lọ́jọ́ tí sójà àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sétíkun. Nígbà tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà dé ní 1941, gbígba ilẹ̀ náà kò le rárá, torí àwọn tí òfin kà sí onílẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n sanwó fún ìwọ̀nba àwọn tó ni ìwé, ilẹ̀ sì ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, tòun ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó ń gbé orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọdún náà. Ogun Àgbáyé Kejì ń jà ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà kò sì tíì wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé Jámánì lè borí Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wá pinnu láti kọ́ èbúté ológun tí ó tóbi gan-an sáàárín Ceiba ní Puerto Rico àti Vieques, ibi tí gbogbo ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lè sá wá bí ilẹ̀ wọn bá bọ́. Ibùdó tó wà ní Ceiba ni wọ́n sọ ní Roosevelt Roads. Ní ti Vieques, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta sínú òkun láti fi ṣe odi tí yóò dá ìgbì dúró. Àwọn ará erékùṣù rí iṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì gba owó tí oko ìrèké kò lè san fún wọn. Ó yẹ kí a sọ èyí bí ó ti rí, torí àwọn kan wà tí inú wọn dùn sí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1943, bí ogun ṣe ń lọ ti yí padà, wọ́n sì pa iṣẹ́ odi náà tì. Òkúta tí wọ́n dà sínú òkun wà níbẹ̀ títí di òní, ó gùn tó bíi máìlì kan. Iṣẹ́ parí, owó tán, ilẹ̀ sì ti lọ.

Bí wọ́n ṣe kó àwọn ènìyàn kúrò ni àwọn àgbà Vieques kò lè gbàgbé. Ìwé ìkìlọ̀ dé, ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n fún wọn. Katapílà ló wó ilé àwọn mìíràn. Wọ́n kó wọn lọ sí pápá tí wọ́n ti wọ̀n sí pulọ́ọ̀tì, bí Santa María àti Monte Santo, wọ́n já wọn sílẹ̀ pẹ̀lú pákó ilé àtijọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n kọ́ òmíràn. Ọ̀pọ̀ sun ìta nínú òjò. Ẹni tó ní ewúrẹ́ kò rí ibi tí yóò so ó sí, ẹni tó ń sun èédú kò rí igi mọ́. Ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì tí wọ́n gbé wọn lé lórí ńkọ́? Kò sí ìwé fún ìyẹn náà. Wọ́n fi yé wọn pé ìgbàkígbà ni wọ́n lè tún ní kí wọ́n kúrò. Ẹni tí kò ní ìwé lábẹ́ olóko tún di ẹni tí kò ní ìwé lábẹ́ ológun.

Ní 1947, nígbà tí ogun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba ilẹ̀ ti parí, wọ́n tún padà wá gba sí i ní ìlà-oòrùn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 26,000 éékà nínú nǹkan bí 33,000. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń kó bọ́ǹbù àti ọta pamọ́ sí. Ìhà ìlà-oòrùn ni wọ́n ti ń dánra wò, tí sójà ń sọ̀ kalẹ̀ sétíkun, tí ọkọ̀ ogun ń yìnbọn láti orí òkun, tí bàálù ń ju bọ́ǹbù sí ìpẹ̀kun ilẹ̀ náà. Àárín méjèèjì ni àwọn ènìyàn wà, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti itẹ́ òkú wọn. Àwọn etíkun tó rẹwà jù wọ inú ọgbà wáyà. Sójà tó bá rí ààyè sì ń wọ Isabel Segunda lọ mutí, ìjà àwọn àti ọmọ ìlú kì í sì í ṣe ohun àjèjì. Oko ìrèké kú. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kọjá lọ sí erékùṣù Saint Croix láti wá iṣẹ́.

Ní 1961, àwọn ológun tún gbé ìmọ̀ mìíràn wá pé kí wọ́n kó gbogbo ènìyàn kúrò ní Vieques àti ní Culebra tó wà nítòsí pátápátá, kí wọ́n sì hú òkú inú itẹ́ kó lọ pẹ̀lú wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ìdí láti padà wá bẹ ibojì wò. Gómìnà Puerto Rico nígbà náà, Luis Muñoz Marín, kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Kennedy láti tako ọ̀rọ̀ náà, Kennedy sì dá a dúró. Ní ilẹ̀ wa níbí, àwọn tí wọ́n ń sin bàbá sí iyàrá mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí àlejò ní òun fẹ́ hú òkú ẹni.

Culebra ló kọ́kọ́ bọ́. Láti àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń ju bọ́ǹbù síbẹ̀. Ìjà àwọn ará Culebra le gan-an ní 1971, nígbà tí ó sì di 1975 àwọn ológun jáwọ́ níbẹ̀. Wọ́n kó ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ wá sí Vieques. Bọ́ǹbù pọ̀ sí i.

Níbí ni àwọn apẹja ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ Vieques ti lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé òkun lọ́wọ́ apẹja. Ibẹ̀ nìkan ni ọmọ erékùṣù náà lè dúró kó sì sọ pé èmi ni mo ni ibí bí ẹnikẹ́ni ṣe ni ín. Ohun tó kọ́kọ́ bí wọn nínú kò tóbi lójú ológun: ọkọ̀ ogun ń gba orí ìgèrè wọn kọjá, ó ń gé okùn tí wọ́n fi so ohun tó ń lé lórí omi láti mọ ibi tí ìgèrè wà. Ìgèrè tí okùn rẹ̀ bá já di òfò nísàlẹ̀ òkun, oúnjẹ ọmọ ló sì lọ yẹn. Wọ́n fi ẹjọ́ sùn, wọn kò rí ìdáhùn tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì, ọdún 1978, nígbà tí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà àti ti àwọn orílẹ̀-èdè tó bá a ṣe àjọṣe ogun fẹ́ dánra wò, bíi ọkọ̀ apẹja 40 wọ àárín wọn. Carlos Zenón, ààrẹ ẹgbẹ́ apẹja, ló ṣáájú. Ọkọ̀ onípákó kékeré dúró síwájú ọkọ̀ irin tó ga bí òkè. Ìdánrawò náà kò lè lọ bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra lẹ́yìn ọjọ́ náà. Mo ka ìgbésẹ̀ yìí sí ọgbọ́n ńlá, torí wọ́n gbé ìjà kúrò lórí ilẹ̀, níbi tí òfin ti dá wọn lẹ́bi kí wọ́n tó la ẹnu, lọ sórí omi tí ẹ̀tọ́ wọn ti hàn gbangba.

Ní 1979, wọ́n mú ènìyàn 21 tí wọ́n ń ṣe ìsìn ní etíkun tí ológun ti gbà. Ọ̀kan nínú wọn, Ángel Rodríguez Cristóbal, kú sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Florida ní oṣù kọkànlá ọdún náà. Àwọn aláṣẹ ní ó pokùnso. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò gbà á gbọ́, wọn kò sì tíì gbà á gbọ́ di òní.

Ilé ẹjọ́ náà dá sí ọ̀rọ̀ Vieques, mo sì fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó wà níbí fetí sí èyí. Ní 1978, ìjọba Puerto Rico lábẹ́ gómìnà Carlos Romero Barceló pe àwọn ológun lẹ́jọ́. Adájọ́ rí i pé bọ́ǹbù tó ń já sínú òkun lòdì sí òfin ìmọ́tótó omi, torí wọn kò gba ìwé àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó lé aláìníwèé kúrò lórí ilẹ̀ kò ní ìwé fúnra wọn. Adájọ́ náà ní kí wọ́n lọ gbà á, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n dáwọ́ bọ́ǹbù dúró. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní rárá, wọ́n gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró ná. Nígbà tó di 1982, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà da ìdájọ́ yẹn nù, wọ́n ní adájọ́ kò ní láti dá ẹni tó rú òfin náà dúró dandan. Ní 1983, gómìnà àti ológun tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ fún àwọn ará Vieques àti ìtọ́jú fún àyíká. Ilé-iṣẹ́ díẹ̀ dé, wọ́n sì kógbá lọ. Bọ́ǹbù kò lọ.

Báyìí ni nǹkan wà títí di ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 1999. Bàálù ogun ju bọ́ǹbù méjì tó ṣìnà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó 500 pọ́n-ùn, wọ́n já sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣọ́ tí àwọn ológun ti ń wo pápá tí wọ́n ń ju bọ́ǹbù sí. David Sanes Rodríguez, ọmọ Vieques, ẹni ọdún 35 tó ń ṣiṣẹ́ ọdẹ aṣọ́nà fún àwọn ológun fúnra wọn, kú. Ènìyàn mẹ́rin mìíràn fara pa. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ènìyàn ti wọ inú pápá bọ́ǹbù náà. Wọ́n ri àgbélébùú mọ́ orí òkè kan níbẹ̀, wọ́n pàgọ́, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré, wọ́n sì ń gbé láàárín àwókù ọkọ̀ ogun àti bọ́ǹbù tí kò tíì dún. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi wà níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá wà lórí pápá, kò ṣeé ṣe láti ju bọ́ǹbù sí i. Àwọn apẹja ló ń kó oúnjẹ àti omi lọ fún wọn. Àwọn obìnrin dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Ismael Guadalupe, tó ti wẹ̀wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ yìí ní ìgbà àwọn 21 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wà lára àwọn aṣáájú.

Ìyókù yá kíákíá. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ẹgbẹẹgbàárùn-ún ènìyàn rọ́ sí ìgboro San Juan nínú ìwọ́de tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú rẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun mìíràn tó tíì so ẹgbẹ́ òṣèlú àti ìjọ Puerto Rico pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ wọ pápá náà, wọ́n kó ohun tó lé ní 200 ènìyàn kúrò. Bí wọ́n ṣe ń kó wọn jáde ni àwọn mìíràn ń wọlé, àwọn tí wọ́n mú lápapọ̀ sì lé ní 1,000. Al Sharpton, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ Amẹ́ríkà, wẹ̀wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni Robert F. Kennedy Jr. Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, Ààrẹ Bush kéde pé àwọn ológun yóò kúrò. Ní oṣù keje, àwọn ará Vieques dìbò, ìpín 68 nínú ọgọ́rùn-ún sì ní kí bọ́ǹbù dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọjọ́ kìíní, oṣù karùn-ún, ọdún 2003 ni àwọn ológun kúrò. Ìlú kún fún ijó àti ayọ̀, ó sì tọ́ sí wọn.

Ohun mẹ́rin ni àwọn tó jà ń béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀: kí ológun lọ, kí wọ́n tún ilẹ̀ ṣe, kí wọ́n dá ilẹ̀ padà, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìlú lè gbèrú. Èkíní nìkan ni wọ́n rí gbà ní odindi.

Ẹ wo títún ilẹ̀ ṣe. Ní 2005, ìjọba Amẹ́ríkà fi Vieques sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí májèlé bà jẹ́ jù ní orílẹ̀-èdè wọn. Àwọn ológun ti gbà tẹ́lẹ̀ pé wọ́n yin ọta onírin yùréníọ̀mù 263 níbẹ̀ ní 1999, èyí tí òfin kò gbà wọ́n láyè láti ṣe. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá bọ́ǹbù tí kò dún nínú igbó àti nínú òkun, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà pa púpọ̀ nínú wọn ni pé wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n dún níbi tí wọ́n wà. Àwọn ará ìlú ṣì ń gbọ́ ìró rẹ̀. Ní 2021, àwọn olùyẹ̀wò ìṣirò ìjọba àpapọ̀ sọ pé iṣẹ́ náà lè wà títí di 2032. Iléeṣẹ́ ètò ìlera Puerto Rico ti rí i ní àwọn ọdún 1990 pé àrùn jẹjẹrẹ wọ́pọ̀ ní Vieques ju ìyókù Puerto Rico lọ. Àwọn onímọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní àwọn kò rí ẹ̀rí tó so àìsàn náà mọ́ bọ́ǹbù. Ohun tó lé ní 7,000 ènìyàn Vieques pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní 2012, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní òfin kò gbà wọ́n láyè láti pe ìjọba lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ ní erékùṣù yìí gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ lọ gba ìtọ́jú. Aláboyún pàápàá ń kọjá òkun lọ bímọ. Ìjì Maria ba ilé ìwòsàn kan ṣoṣo tí wọ́n ní jẹ́ ní 2017, ó sì di 2020 kí ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí owó tí wọn yóò fi kọ́ òmíràn. Mo ka èyí sí ìwà ìkà, n kò sì mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ẹ wá wo dídá ilẹ̀ padà, èyí tó kan ìwé tí mo ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bíi 4,000 éékà ní ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n fún ìjọba ìbílẹ̀ Vieques. Èyí tó pọ̀ jù, tó lé ní 17,000 éékà, ni wọ́n gbé fún iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹja àti ẹranko igbó, ó sì di ibùdó ààbò ẹranko. Àwọn agregado àti ọmọ wọn kò gba éékà kan lórí orúkọ ara wọn. Àwọn kan ti fi ọwọ́ ara wọn gba ilẹ̀ láti kọ́lé nígbà tí ológun ṣì wà, ibẹ̀ ni àdúgbò Villa Borinquén ti wá, ọ̀pọ̀ ìdílé sì lo ọdún gbọgbọrọ láìsí ìwé lórí ilé tí wọ́n fi òógùn kọ́. Ní báyìí àwọn olówó láti Amẹ́ríkà ń ra ilé ní Esperanza láti fi gba àlejò, owó ilé sì ń lọ sókè ju apá apẹja lọ.

Mo fẹ́ mẹ́nu ba nǹkan kan tí yóò wu àwọn oníṣẹ̀ṣe tó wà láàárín wa. Nínú ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn tí ológun gbà, igi àràbà ńlá kan wà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ceiba, tí wọ́n sọ pé ó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Igi yìí kan náà ni àwọn ọmọ Lùkùmí ní Kúbà ń júbà fún bí àwọn bàbá wọn ṣe ń júbà rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Fún bí ọgọ́ta ọdún, ọmọ Vieques kò lè dé ìdí rẹ̀ bí ológun kò bá fún un láyè. Wọ́n ti ń dé ibẹ̀ báyìí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà mìíràn wà, ẹ wo Kahoʻolawe ní Hawaii. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ju bọ́ǹbù sí láti 1941 títí di 1990. Iṣẹ́ títún ilẹ̀ ṣe kò parí níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ dá erékùṣù náà padà fún ìpínlẹ̀ Hawaii, òfin ìpínlẹ̀ náà sì ní kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ de àwọn ọmọ bíbí Hawaii. Orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ wà nínú ìwé.

Ti Vieques kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn, bíi 900 éékà tí bọ́ǹbù rọ̀ sí jù, òfin tí wọ́n ṣe ní Washington sọ ọ́ di aginjù tí ènìyàn kankan kò gbọ́dọ̀ wọ̀. Àwọn ará Vieques tètè rí ohun tó wà nínú ìyẹn: bí ẹ bá kọ ọ́ sínú òfin pé ènìyàn kò ní gbé ibì kan, ìwọ̀n ìtúnṣe tí ẹ jẹ ibẹ̀ ní gbèsè dín kù. Ní 2025, bàálù ogun tún bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ sí Roosevelt Roads, ibùdó tí wọ́n ti tì ní 2004, àwọn tó pàgọ́ sí pápá bọ́ǹbù ní 1999 sì tún jáde wá sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ohun tí wọ́n ń béèrè fún ni ilé ìwòsàn tó pé, òkun tí wọ́n lè fọkàn balẹ̀ dẹ ìgèrè sí, àti ìwé ilẹ̀ tí orúkọ wọn wà lórí rẹ̀.